Ibi tí Ooru Sódà Yẹn Lọ

Atakpamé,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Làtífù Àkànní, ọmọ mi,

Rapọ́ọ̀tù tí o fi rán awakọ̀ sí mi láti Glei ti dé ọwọ́ mi. O ní kí n bá ọ tún Faransé inú rẹ̀ ṣe kí o tó gbé e fún patíróọ̀nù yín, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ní ọjọ́ Ajé. Mo ti bá ọ tún un ṣe. Ibi méjì péré ni o ti ṣi àmì fi, mo sì ti fi bírò pupa gbé wọn sí ibi tó yẹ. Faransé rẹ dára, ọkọ mi. Irọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ irú bírò tí mo máa fi tún ṣe.

Má rẹ́rìn-ín, má sì sọ pé màmá ti tún bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi gidigidi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi Faransé kọ lẹ́tà yìí, torí òun ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì títí mo fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ Faransé á jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní mọsíyé bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Yorùbá tí bàbá mi gbé wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà tó wá ń ta aṣọ nínú ọjà Atakpamé níbí, ni mo máa fi bá ọ wí. Òun ni mo fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, òun náà ni mo fi nà ọ́ nígbà tó yẹ.

Oṣù kẹta rèé tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ ní Glei. Ọjọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ dé, kò sí ojúlé tí mi ò yà ní àdúgbò yìí láti sọ fún wọn pé ọmọ mi ló máa jẹ́ olórí àwọn tó ń po sódà. Inú mi dùn pé ohun tí mo fi ẹnu kọ́ni, ìwọ ń fi ọwọ́ ṣe é. Wàyí o, wo ohun tí o kọ sínú rapọ́ọ̀tù. O ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Afí da sódà sómi kíákíá, kò tẹ̀ lé ìlànà tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, ni báàfù ike bá là, omi sódà bá dà sí i lẹ́sẹ̀. O ní kí patíróọ̀nù bá yín wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Obìnrin kan. Ẹni tó lè bí ọ lọ́mọ, tí ọmọ rẹ̀ Kòjó ti ní ìyàwó nílé, ni ìwọ Àkànní pè ní obìnrin kan bí ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lẹ́bàá títì. Ṣé o kò lè kọ ìyá Kòjó ni? Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, ilé mi sì ni o ti jáde, nítorí náà èmi ni ìtìjú yẹn bá.

O tún wá fi ìwé ara ògiri náà mọ́ rapọ́ọ̀tù, o ní ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí ni lóòótọ́, àmọ́ ìwọ ló ń rojọ́ mọ́. Ohun tí o kọ síbẹ̀ rèé: sódà máa ń mú kí omi gbóná sí i ní dígírì mẹ́wàá, kò sí ewu, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí báàfù méjì mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde lórí àga.

Kí o tó dé Glei, àwọn obìnrin yẹn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé báàfù kékeré sínú báàfù ńlá, wọ́n á bu omi tútù láti inú ìkòkò amọ̀ sí àárín méjèèjì. Wọ́n á máa da sódà sínú omi báàfù kékeré ní ife kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ kan ara báàfù náà láti ìta. Bí ọwọ́ kò bá gbà á mọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á pààrọ̀ omi àárín. Tí wọ́n bá pò ó tán, wọ́n á bò ó, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó da òróró sí i. Ìwọ dé, o ní àṣà àwọn ìyá àgbà ni, o ní ó ń jẹ àkókò. O gba báàfù ńlá lọ́wọ́ wọn, o wá fún wọn ní ìwé. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ gba omi náà lọ́wọ́ wọn.

Jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà pọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe é lórí tábìlì ilé ìdáná nígbà tí o ń múra ìdánwò báàkì tí ẹ fi ń jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mú bírò.

Èkíní, dígírì kọ́ ni ooru. Ife kókó kan àti odidi ìkòkò kókó lè gbóná bákan náà bí o bá ti tẹmọ́mítà bọ̀ wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ni wàá fẹ́ kó dà sí ọ lára? Dígírì ń sọ bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ooru ni gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀, ó sì dá lórí bí nǹkan náà ṣe pọ̀ tó. Bí o bá fẹ́ mọ ooru tí omi gbà, ìsọdipúpọ̀ mẹ́ta ni: bí omi náà ṣe wúwo tó ní gíráàmù, lọ́nà 4.18 tó jẹ́ ohun tí gíráàmù omi kan ń gbà kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i, lọ́nà iye dígírì tó fi gòkè. Èsì rẹ̀ jẹ́ júùlù, òṣùwọ̀n ooru. Kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Mo mọ ibi tí o ti rí mẹ́wàá rẹ. O wọn gíráàmù mẹ́rin sódà, o dà á sínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù omi nínú ife kan, o wo tẹmọ́mítà, o rí i pé ó fi mẹ́wàá gòkè. Mi ò bá ọ jiyàn. 104 lọ́nà 4.18 lọ́nà 10 jẹ́ 4,347 júùlù, ìyẹn kílójúùlù mẹ́rin àti díẹ̀. Sódà gíráàmù mẹ́rin jẹ́ ìdá mẹ́wàá móòlù kan, òṣùwọ̀n àwa oníkẹ́mísìrì, torí ogójì gíráàmù ni odidi móòlù. Nítorí náà móòlù kan máa mú kílójúùlù tó sún mọ́ 44 jáde. 44 yìí ni ti sódà. Òun ló yẹ kí o lẹ̀ mọ́ ògiri. Mẹ́wàá kì í ṣe ti sódà, ti ife kékeré rẹ ni, ọjọ́ kan péré ló sì jẹ́ òótọ́.

Wá wo báàfù tí ìyá Kòjó dúró tì. Kílò márùn-ún sódà nínú lítà mẹ́wàá omi ni o ní kí wọ́n máa pò, ó wà nínú ìwé rẹ. Kílò márùn-ún jẹ́ móòlù 125. 125 lọ́nà 44 jẹ́ kílójúùlù 5,500. Àpapọ̀ omi àti sódà jẹ́ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i, ó máa gba kílójúùlù 62.7. Pín 5,500 sí ọ̀nà 62.7. Ṣé o ti pín in? Ó lé díẹ̀ ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Omi Glei ní ọ̀sán wà ní bíi dígírì méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Rò ó pọ̀, Àkànní, kí o wá sọ fún mi bóyá kò sí ewu.

Mo mọ̀ pé o máa wí pé omi sódà tó ki kì í gba ooru bí omi lásán, àti pé díẹ̀ nínú ooru náà á ti sá lọ. Òótọ́ ni. Yọ ohun tó bá wù ọ́ kúrò. Ó ṣì máa hó, ó ṣì máa ta síni lójú, ike olówó pọ́ọ́kú tí ẹ rà sì máa rọ̀. O fi ife ṣe ìdánwò, o wá fi èsì rẹ̀ pàṣẹ fún báàfù. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, mi ò tíì rí èyí tó ṣe irú rẹ̀ tó sì tún buwọ́ lù ú.

Èkejì, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìdáhùn. Èyí ni mo fẹ́ kí o fi etí méjèèjì gbọ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n ní ká ṣe ìdánwò sódà yìí gan-an. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ aṣọ tuntun, a ò wo tẹmọ́mítà títí omi fi tutù padà. Ṣé mo tún un ṣe? Rárá o. Mo ti mọ̀ pé 44 ni ìwé sọ, mo bá mú 44, mo ṣírò padà sẹ́yìn, mo rí iye dígírì tó yẹ kí n rí, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gba ogún nínú ogún. Olùkọ́ wa tiẹ̀ gbé ìwé mi sókè pé ẹ wo ẹni tó fara balẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà, ojú ń tì mí báyìí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní apá Akparé, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ìdánwò náà. A ò ní ohun èlò, agolo tòmátò la lò, kò ní ìdérí. Gbogbo wọn kọ 44 wá fún mi, torí wọ́n ti rí i nínú ìwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ àgbẹ̀, ló kọ 38. Mo pè é, mo bi í bóyá kò mọ ìwé kà ni. Ó dìde dúró, kò gbójú sókè, àmọ́ ó dáhùn.

"Madáàmù, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, 38 ló ń jẹ́. Agolo gan-an gbóná lọ́wọ́ mi. Ìyókù dà? Níbo ló lọ?"

Làtífù, ìbéèrè tó dára jù tí wọ́n bi mí ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni nìyẹn. Ọmọ yẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí ìdáhùn, ó ń fi lọ̀ mí. Ooru kì í sọnù. Ohun tí sódà tú jáde, omi gba apá kan, agolo gba apá kan, atẹ́gùn gba apá kan. Bí o bá ro gbogbo wọn pọ̀, á pé 44. Iṣẹ́ olùṣírò ni kó wá ìyókù kàn. A máa ń wọn ohun tí agolo ń gbà lọ́tọ̀, a sì máa ń rò ó mọ́ ti omi. Èmi tí mo jí 44, mo fún ẹni tó fi òótọ́ inú rí 38 ní òdo. Mo ní kó jókòó. Nígbà tó di ọdún kejì, bàbá rẹ̀ ní kò sí ìdí tí ẹni tó ń gba òdo fi máa jókòó sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí oko wà. Mi ò lè bú bàbá yẹn. Ìwé tí mo buwọ́ lù ló kà.

Inú tó ń bí mi sí ọ, ìdajì rẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń bí mi sí ara mi.

Ẹ̀kẹta ni ti àmì àyọkúrò tó máa ń wà níwájú 44. Nígbà tí o wà ní líísẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì yín, o máa ń gbàgbé rẹ̀, o ní àmì lásán ni. Kì í ṣe àmì lásán. Ó ń sọ ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Sódà fi nǹkan sílẹ̀, tirẹ̀ dín kù, ìyẹn la fi ń kọ àyọkúrò síwájú rẹ̀. Omi gbà á, tirẹ̀ pọ̀ sí i. Nínú rapọ́ọ̀tù rẹ, o kọ ẹni tí ìyà jẹ, o ò kọ ibi tí ìyà náà ti wá. Ìwọ lo ni ìlànà, ìwọ lo ni àṣẹ, ìwọ lo gba báàfù ńlá kúrò, àmọ́ orúkọ rẹ kò sí níbì kankan àfi nísàlẹ̀ níbi tí o ti buwọ́ lù ú.

O sọ pé ìyá Kòjó yára dà á. Jẹ́ ká gbà pé ó yára. Ṣebí mo kọ́ ọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Bí ènìyàn bá ti Glei lọ sí Moretan, ó lè gba títì, ó lè gba oko, gíga ibi tó ti gbéra àti gíga ibi tó dé kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ooru rí: bí o bá da sódà lẹ́ẹ̀kan náà, bí o bá dà á ní ọ̀nà mẹ́wàá, 5,500 náà ni ó máa jáde ní àpapọ̀. Ohun tí ìfarabalẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń fún ooru láyè láti bá ọ̀nà mìíràn jáde kó tó kún inú báàfù. Ọ̀nà mìíràn yẹn ni omi tútù inú báàfù ńlá, ìwọ lo sì dí i. Ìwé rẹ kò sọ pé kí wọ́n rọra. Ó ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó yára ló tẹ̀ lé ìlànà rẹ, ìwọ wá ń lé e nítorí pé ó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Ó sì yẹ kí o mọ̀ pé kò tilẹ̀ yára. Mo wọ táàsì wá sí Glei ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò sọ fún ọ, mo lọ sí ilé ìwòsàn tí o kọ orúkọ rẹ̀ sínú rapọ́ọ̀tù. Èdè wa tó dà pọ̀ ni èmi àti ìyá Kòjó fi sọ̀rọ̀, Ifẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní apá Atakpamé níbí, Yorùbá mi, pẹ̀lú Faransé níbi tí kò bá ti yé wa. Ó ní òun dà á dé ìdajì, òun fi ọwọ́ kan ara báàfù bí òun ṣe máa ń ṣe, òun sì pè ọ́.

"Mo ní, ọ̀gá, ẹ wá wò ó, ike yìí ti ń rọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n lọ ka ara ògiri."

Mo bi í bóyá o sún mọ́ báàfù náà. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó bínú sí ọ. Ó ní ọmọdé ni yín, ẹ ó dàgbà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, torí owó iṣẹ́ yẹn ni àwọn ọmọ Kòjó fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tí o jó lẹ́sẹ̀ ló ń bẹ̀ ọ́, Àkànní. Mi ò mọ ìgbà tí ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ti tì mí rí.

Ohun tí o máa ṣe kí ọjọ́ Ajé tó mọ́ nìyí, mi ò sì ní kà á ní ení èjì. Ya ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Ya rapọ́ọ̀tù yẹn pẹ̀lú, àti Faransé dáadáa tó wà nínú rẹ̀. Kọ òmíràn, kí o kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìṣirò rẹ ló ṣì, pé ìyá Kòjó kìlọ̀ fún ọ, o kò wá wò ó. Kọ 5,500 síbẹ̀, kí patíróọ̀nù fi ojú ara rẹ̀ rí i. Dá báàfù ńlá padà fún àwọn obìnrin náà, kí o ra tẹmọ́mítà gígùn fún wọn, kí o sì bẹ ìyá Kòjó kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilé Ifẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ọ, wá sílé. Mo ní yàrá, mo ní oúnjẹ, mi ò sì ní fi ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ti àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, màá wọ táàsì mìíràn wá, màá dúró níwájú patíróọ̀nù yín, màá sì ṣe ìṣirò náà lójú ẹ.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa ń fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì mi ń bọ̀, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ Afí ni kó kọ́kọ́ jinná.

Mo ti kọ ọ́ gùn, àmọ́ ohun kan ṣẹ́kù tí mi ò tíì sọ fún ọ. Nígbà tí mo ka orúkọ Afí nínú rapọ́ọ̀tù, ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo tún un kà. Ìdí tí mo fi wọ táàsì nìyẹn. Bí mo ṣe wọlé, ó ti dá mi mọ̀, ó sì fẹ́ dìde kí mi lórí ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní, "Madáàmù, ẹ káàbọ̀." Mo ní kó jókòó, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó jókòó ní Akparé lọ́jọ́sí.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó bi mí níbo ni ìyókù ooru náà lọ, mo fún un ní òdo. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tú aṣọ tí wọ́n fi dì í lẹ́sẹ̀, ó sì fi hàn mí.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì kọ́ ọ,
Màmá rẹ.